Ọ̀kẹ́rẹ́ Orí Òkè Graham: Òótọ́ Àbí Irọ́?

Ẹranko kan wà ní Amẹ́ríkà tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 230 lọ. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni àwọn ajìjàgbara ṣe dí ọ̀nà, nítorí rẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní kóòtù, nítorí rẹ̀ náà ni Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe jókòó ṣòfin. Wọ́n tún dárúkọ Póòpù mọ́ ọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni o! Kì í ṣe èyí tó ń dá ihò sí kòkó lára nínú oko àwọn bàbá wa. Eléyìí ń gbé lórí àwọn òkè Pinaleño, ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí ṣóńṣó òkè tó ga jù ń jẹ́ Òkè Graham. Gíga rẹ̀ tó mítà 3,267.

Níbi tí ariwo bá ti pọ̀, irọ́ kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ẹranko náà ń pa tiwọn, àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú ń pa tiwọn. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

“Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé.”

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí òótọ́ náà mọ.

Ẹni tó bá dúró ní ìlú Safford, ní ẹsẹ̀ òkè yẹn, aṣálẹ̀ ló máa rí: iyanrìn, igi ẹlẹ́gùn-ún, oòrùn tó ń jóni lẹ́yìn ọrùn. Kó wọ ọkọ̀ kó máa gòkè. Láìpẹ́ àwọn igi kúkúrú á dópin, páìnì á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn páìnì, igi Douglas fir tó ga fíofío. Nígbà tó bá fi máa dé òkè téńté, inú igbó spruce àti fir ló wà, níbi tí òtútù ti ń mú tí yìnyín sì ń bo ilẹ̀ lọ́dọọdún. Erékùṣù ojú ọ̀run ni àwọn onímọ̀ ń pe irú òkè bẹ́ẹ̀, nítorí aṣálẹ̀ ló yí i ká lọ́nà gbogbo bí òkun ṣe ń yí ilẹ̀ ká.

Nígbà yìnyín àtijọ́, gbogbo agbègbè náà tutù ju báyìí lọ, igbó páìnì àti spruce sì sọ̀ kalẹ̀ débi tí ẹranko fi lè gba abẹ́ igi láti òkè kan dé òkejì. Nígbà tí ayé móoru, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, igbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá gòkè, ọ̀kẹ́rẹ́ ń tẹ̀ lé e, aṣálẹ̀ sì ń pa ọ̀nà dé lẹ́yìn wọn. Àwọn tó bá ara wọn lórí Pinaleño kò rí ọ̀nà lọ mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bí ara wọn níbẹ̀, láìsí àlejò láàárín wọn. Ọdún 1894 ni onímọ̀ ẹranko J. A. Allen fún wọn lórúkọ tiwọn nínú ìwé sáyẹ́ǹsì.

Ibi tí òótọ́ náà mọ nìyí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kà wọ́n mọ́ ìran ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tó kún Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà. Ní 2016, àwọn tó ń yẹ àbùdá ẹranko wò fi hàn pé àwọn tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ti ya ara wọn sọ́tọ̀ tó láti jẹ́ ìran ọ̀tọ̀, tí à ń pè ní *Tamiasciurus fremonti*. Ìran yìí wà lórí àwọn òkè mìíràn, ní Colorado, ní New Mexico. Ẹ̀ka kan lára ìran náà, *grahamensis*, ló jẹ́ ti Òkè Graham nìkan. Ẹni tó bá ní ìran náà kò sí níbòmíràn ti sọ àsọdùn. Ẹni tó bá ní ẹ̀ka náà kò sí níbòmíràn, òótọ́ ló sọ.

“Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni.”

Irọ́. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Scotland lè ti rí tibẹ̀, tí irun gígùn ń yọ ṣónṣó létí rẹ̀. Ìran ọ̀tọ̀ nìyẹn. *Sciurus vulgaris* lorúkọ rẹ̀. Ti Òkè Graham kò tilẹ̀ pupa tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀ ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dà bí irin tó dógùn-ún, ikùn rẹ̀ sì mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilà dúdú kan máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láàárín ẹ̀yìn àti ikùn.

“Bí òtútù bá ti dé, ó máa sùn títí di ìgbà tí yìnyín bá yọ́.”

Irọ́ ni. Àwọn ẹranko kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú ihò ilẹ̀ wà lára wọn. Eléyìí kì í sùn. Bí ìjì yìnyín bá le, ó lè wà nínú ìtẹ́ rẹ̀ tàbí nínú ihò igi títí á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà á jáde, lójú ọ̀sán gangan, á máa wa yìnyín láti wá oúnjẹ. Ara tó kéré tó báyẹn, tí kì í sì í sùn, kò lè gba ọ̀rá oṣù mẹ́rin márùn-ún pamọ́ sínú. Bí kò bá ní oúnjẹ nílé, ó kú.

Ibi tí oúnjẹ náà wà ni gbogbo ìtàn yìí dá lé.

“Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń gbàgbé ibi tó fi oúnjẹ pamọ́ sí, ohun tó gbàgbé ló ń di igi.”

Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sì ní àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá mu. Ọ̀kẹ́rẹ́ eérú tó kún àwọn ìlú Amẹ́ríkà a máa ri èso mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri, kò sì lè rántí gbogbo rẹ̀. Fún ti Òkè Graham, irọ́ ni. Kì í fọ́n oúnjẹ ká. Ojú kan ló ń kó o jọ sí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Èso páìnì àti spruce kò ní ẹran ara bíi ti máńgòrò. Ìpẹ́ lórí ìpẹ́ ni, irúgbìn kéékèèké sì wà lábẹ́ ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èso náà bá ṣì tutù, tí kò tíì lanu, ọ̀kẹ́rẹ́ á gun orí igi lọ, á máa gé e lọ́rùn kan lẹ́yìn òmíràn, wọn á máa já lulẹ̀ pọ̀! pọ̀! Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á sọ̀ kalẹ̀, á sì kó wọn lọ síbi tó ń kó wọn sí. Ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun. Á di èso mú lọ́wọ́ méjèèjì, á máa ṣí ìpẹ́ rẹ̀, á jẹ irúgbìn, á ju èèpo sílẹ̀. Èèpo ọdún yìí á bọ́ sórí ti èṣí, ti èṣí wà lórí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó di òkìtì, tó gbòòrò dé ìwọ̀n mítà mélòó kan lábẹ́ igi ńlá.

Ẹni tí kò mọ̀ á pè é ní ààtàn. Iṣẹ́ tí èèpo wọ̀nyẹn ń ṣe pọ̀. Wọ́n ń mu omi yìnyín àti ti òjò, wọ́n ń di òtútù mú, òjìji igi tó wà lókè wọn kì í sì í jẹ́ kí oòrùn gbẹ wọ́n. Èso tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá tì bọ inú wọn kò ní lanu. Ká ní ó gbẹ ni, ìpẹ́ rẹ̀ á ṣí, irúgbìn á tú dànù, atẹ́gùn á gbé díẹ̀, eku á kó ìyókù. Nínú òkìtì tútù, ó lè wà ní dídé ju ọdún kan lọ. Ẹ ronú àká àgbàdo tó ní ẹ̀rọ amúǹkantutù nínú. Ohun tí ẹranko yìí kọ́ nìyẹn láìlo nǹkan kan ju ìdọ̀tí oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí kò fi lè gbé níbi gbogbo lórí òkè náà. Igbó gbọ́dọ̀ dí. Igi ńlá gbọ́dọ̀ wà, òmíràn gbọ́dọ̀ ti ṣubú tó ń jẹrà nílẹ̀, ewé gbọ́dọ̀ pa ojú ọ̀run dé. Bí oòrùn bá ti rí ojú òkìtì náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bí iná tàbí ẹ̀dá kankan kò bá fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo àríyànjiyàn tó ń bọ̀ níwájú dá lé e.

Òkìtì a máa pẹ́ láyé ju ẹni tó ni ín lọ. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá kú, òmíràn á gbà á, á sì máa fi èèpo tirẹ̀ lé e. Ẹyọ kan ló ń ni òkìtì kan. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, yálà ọ̀kẹ́rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni o tàbí ènìyàn tó ń kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, á gbọ́ èébú: igbe kan tó ń dún kíkankíkan láìdánu dúró, tó ń ti òkè igi wá.

Ní ti igi gbígbìn, àwọn tó fẹ́ràn ẹranko kò ní fẹ́ gbọ́ eléyìí: irúgbìn tó wà nísàlẹ̀ òkìtì tútù, lábẹ́ èèpo rẹpẹtẹ, kì í sábà hù. Olè irúgbìn ni ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe àgbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ló gbà ń ran igbó lọ́wọ́. Ó fẹ́ràn olú. Ó ń ká wọn, á fi wọ́n há ẹ̀ka igi kí atẹ́gùn lè gbẹ wọ́n, á sì jẹ wọ́n nígbà òtútù. Ó tún ń hú àwọn olú tó ń so sábẹ́ ilẹ̀. Èso wínníwínní tí olú fi ń bí sí i a máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ lára àwọn olú yìí ló ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi láti bá a fa omi àti oúnjẹ inú ilẹ̀. Ìyẹn ni ká yìn ín fún.

“Èso nìkan ló ń jẹ.”

Irọ́. Ẹyin ẹyẹ, ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́, egungun tó bá rí nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń bá ọ̀fun rẹ̀ lọ.

“Akọ àti abo jọ ń tọ́jú ilé ni.”

Irọ́ pátápátá. Bí akọ bá wọ àyíká òkìtì abo, lílé ló máa lé e. Nínú ọdún, àkókò tí abo fi ń gba akọ láyè kì í ju apá kan nínú ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Ní ọjọ́ yẹn, àwọn akọ á wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn á máa lé e kiri orí igi. Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn oṣù kan ó lé díẹ̀, á bímọ, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, òun nìkan ló sì ń tọ́ wọn.

Ohun tó le jù ní ìgbésí ayé ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré ni pé kó tó di ìgbà òtútù, ó gbọ́dọ̀ ti rí òkìtì tirẹ̀. Tí kò bá rí, àṣá tàbí òwìwí á gbé e bó ṣe ń rìn kiri, tàbí kí ebi pa á.

Ní Yukon ní Kánádà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ ìbátan rẹ̀ ti àríwá fún ọ̀pọ̀ ọdún ní agbègbè Kluane, wọ́n rí i pé ìyá mìíràn a máa fi òkìtì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, á sì kó jáde lọ wá òmíràn. Wọ́n tún rí ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tí abo gba ọmọ òrukàn tọ́, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2010. Ẹbí ni gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Ó jọ pé láti inú igbe aládùúgbò ló ti ń mọ ẹni tó jẹ́ ìbátan rẹ̀: bí igbe tó máa ń gbọ́ lójoojúmọ́ bá dákẹ́, á lọ wò ó.

“Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa a máa tẹ ọ̀kẹ́rẹ́ ńlá lọ́dàá.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ti ń sọ èyí fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan á sì búra pé àwọn fojú ara àwọn rí i: ọ̀kẹ́rẹ́ pupa kékeré á lé ọ̀kẹ́rẹ́ eérú tó tóbi jù ú lọ, á lé e bá, á sì fi eyín ká kórópọ̀n rẹ̀ kúrò.

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí irọ́ ṣe ń rí ẹ̀rí. Ó ń lé e lóòótọ́, nítorí oúnjẹ rẹ̀. Ọdẹ á wá pa ọ̀kẹ́rẹ́ eérú, á yí i padà, kò ní bá kórópọ̀n níbẹ̀. Kò mọ̀ pé lẹ́yìn àsìkò tí akọ ń gun abo, kórópọ̀n akọ ọ̀kẹ́rẹ́ a máa súnkì, á sì fà wọnú. Nígbà mìíràn á bá ọgbẹ́ níbẹ̀. Eṣinṣin kan ló ni ọgbẹ́ náà, èyí tí ìdin rẹ̀ máa ń dàgbà sábẹ́ awọ ẹranko kéékèèké. Onímọ̀ kòkòrò kan ní New York, Asa Fitch, gbà gbọ́ pé ìdin náà ló ń jẹ kórópọ̀n ẹranko, ló bá fún eṣinṣin náà lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1856: *emasculator*, atẹnilọ́dàá. Ìdin náà kò jẹ kórópọ̀n ẹnikẹ́ni. Abẹ́ awọ ló ń gbé títí á fi jáde. Òfin orúkọ sáyẹ́ǹsì kì í sì í jẹ́ kí wọ́n yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ padà, nítorí náà ẹ̀sùn èké náà ṣì wà lára eṣinṣin ọ̀hún títí di òní.

Lórí Òkè Graham, ọ̀kẹ́rẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ni ọ̀kẹ́rẹ́ Abert, tí irun etí rẹ̀ gùn. Ó wúwo ju ìlọ́po méjì ti onílé lọ. Àjèjì ni: ní àwọn ọdún 1940 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Arizona kó o wá síbẹ̀ kí àwọn ọdẹ lè rí nǹkan pa. Abert kì í kó òkìtì jọ. Inú èèpo ẹ̀ka páìnì ló ti ń jẹun, ó sì máa ń jí nínú oúnjẹ olóúnjẹ bí ó bá rí àyè. Ṣé òun ló ń pa onílé run? Àwọn kan ní òun ni. Lójú tèmi, ẹ̀sùn náà ju ẹ̀rí lọ. Ìsàlẹ̀, nínú igbó páìnì, ni Abert ti fẹ́ràn láti máa gbé. Àmọ́ bí igbó òkè ṣe ń bàjẹ́ tí onílé ń sọ̀ kalẹ̀, ojú wọn á máa ko ara wọn sí i.

“Ó ti parun nígbà kan rí.”

Irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ tí ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ pa. Láti nǹkan bíi 1880 ni wọ́n ti ń gé gẹdú lórí òkè náà. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, àwọn tó wá a kò rí i, àwọn onímọ̀ sì rò pé ó ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n tún rí i. Oṣù kẹfà 1987 ni ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹranko tí ìparun rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa, torí àkókò yẹn gan-an ni ẹlòmíràn ti ń wo orí òkè kan náà.

“Póòpù ní awò ìwòràwọ̀ lórí òkè náà.”

Òótọ́ ni! Àwọn tí mo sọ ọ́ fún kì í gbà. Ibùdó ìwòràwọ̀ ti ìjọ Àgùdà, tí olú rẹ̀ wà ní Ítálì, ní awò kan níbẹ̀ tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.8. Ọdún 1993 ni wọ́n yà á sí mímọ́, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ ló sì ń lò ó. Orí òkè gíga, nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó jìnnà sí iná ìlú ńlá, dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Arizona ló mú un lọ síbẹ̀.

“Àwọn awò yẹn ló pa ọ̀kẹ́rẹ́ tán.”

Ibí ni irọ́ àti òótọ́ ti lọ́ mọ́ra jù.

Yunifásítì náà fẹ́ kọ́ awò mélòó kan sórí òkè. Òfin tó ń dáàbò bo ẹranko sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ wò dáadáa. Ní 1988, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin kan tó ní kí wọ́n lọ kọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n má ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá. Nígbà náà ni gbẹgẹdẹ gbiná. Àwọn tó ń jà fún igbó fara di ọ̀nà, ẹjọ́ tẹ̀ lé ẹjọ́. Wọ́n kọ́ ọ náà ṣá. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, Large Binocular Telescope, ní dígí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 8.4, ọdún 2005 ló kọ́kọ́ ríran.

Ilẹ̀ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà kò ju éékà 8.6 lọ. Bí ẹ bá ka iye ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lílọ sókè ló ń lọ: nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi máa parí, wọ́n ti ju 500 lọ, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì kà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní awò ló pa wọ́n tán, irọ́ ló pa.

Ṣùgbọ́n n kò ní dá awò láre pátápátá. Inú igbó spruce tó dára jù nígbà náà ni wọ́n gé igi, ojú ọ̀nà tí wọ́n là sì jẹ́ kí oòrùn àti atẹ́gùn wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ sì ti mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún òkìtì. Ohun rere kan jáde níbẹ̀: òfin náà fi dandan lé e pé kí yunifásítì máa ṣọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ wọ̀nyí, ìdí sì nìyẹn tá a fi mọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa wọn lónìí. Wọ́n tún ti agbègbè ńlá kan lórí òkè pa fún wọn. Ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀.

Irọ́ mìíràn wà tí wọn kì í sọ jáde lẹ́nu: pé ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni ìjà náà dá lé. Àwọn Apache ti San Carlos, tí wọ́n ń pe òkè náà ní Dził Nchaa Si'an, ní ibi àdúrà àti ewé oògùn wọn ló wà níbẹ̀, pé àwọn kò fẹ́ ilé kankan lórí rẹ̀. Kódà ká ní ọ̀kẹ́rẹ́ kankan kò sí níbẹ̀, ẹjọ́ tiwọn wà ní ipò rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn fẹ́ràn ọ̀kẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ, torí àkọlé rẹ̀ dùn ún kọ.

“Iná ló pa wọ́n.”

Èyí súnmọ́ òótọ́ jù, àmọ́ iná kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìdin àfòpiná kan bo igbó òkè, ó ń jẹ ewé fir àti spruce. Àwọn kòkòrò tó ń gbẹ́ abẹ́ èèpo igi tẹ̀ lé e. Kòkòrò wínníwínní kan tó ń fa omi ewé mu, tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọ̀dá àti ooru ti sọ igi di aláìlágbára kí wọ́n tó dé. Láàárín ọdún díẹ̀, igbó spruce tó wà lókè téńté, tí gbogbo ayé ti ń jà lé lórí, gbẹ lórí ìdúró. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n kò sí èso mọ́, kò sí òjìji. Iye wọn já wá sílẹ̀.

Iná wá bọ́ sórí igi gbígbẹ. Clark Peak ti jó ṣáájú, ní 1996, ṣùgbọ́n Nuttall ní 2004 ló bá igi gbígbẹ. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà 2017, mànàmáná dá iná Frye sílẹ̀. Ó jó ju 48,000 éékà lọ. Àwọn panápaná gba awò là. Òkìtì ọ̀kẹ́rẹ́ kò rí ẹni gbà á. Ní 2016, iye ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n kà jẹ́ 252. Lẹ́yìn iná náà, 35 ló kù.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo iná ni ọ̀tá. Òrùka inú igi páìnì tó wà nísàlẹ̀ fi hàn pé iná kékeré máa ń gba abẹ́ wọn kọjá léraléra láyé àtijọ́, ó ń jó koríko àti ẹ̀ka gbígbẹ, kò sì ń pa igi ńlá. Láti ìgbà tí ìjọba ti ń pa gbogbo iná bó bá ti ràn, ìdáná kún ilẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí iná wá rí àyè, ó gun òkè dé ibi tí kì í sábà dé.

“Kí wọ́n ṣáà kó wọn lọ sí òkè mìíràn.”

Ó rọrùn lẹ́nu. Àwọn òkè tó ga, tó tutù tó, tí spruce àti fir sì wà lórí wọn kò pọ̀ ní Arizona. Ní White Mountains, tí igbó ti pọ̀, ẹ̀ka mìíràn nínú ìran kan náà ti wà níbẹ̀. Ẹ da àwọn tó kù yìí sáàárín wọn, wọn á bá wọn bímọ, ẹ̀ka Graham á sì di àwátì láàárín ìran díẹ̀, láìsí ẹni tó pa á.

Ọgbà ẹranko ìlú Phoenix ń tọ́jú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa bímọ níbẹ̀. Iṣẹ́ agbára ni: akọ àti abo tí kì í fẹ́ rí ara wọn àyàfi ní wákàtí díẹ̀ lọ́dún! Ẹni tó ń tọ́jú wọn gbọ́dọ̀ mọ wákàtí yẹn gan-an kó tó ṣí ilẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjà ló máa bá.

“Kò sí ẹni tó lè ka ọ̀kẹ́rẹ́ inú igbó, wọ́n ń méfò ni.”

Irọ́. Wọn kì í lé ọ̀kẹ́rẹ́ kiri láti kà á. Lọ́dọọdún, àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko ìpínlẹ̀, ti igbó ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń gun òkè lọ bá àwọn òkìtì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Wọn á wò ó: ṣé èso tuntun wà nínú rẹ̀, ṣé èèpo tó wà lójú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ń bú àwọn láti òkè igi? Òkìtì tó bá ní ẹni nínú, ọ̀kẹ́rẹ́ kan ni. Ní 2020, iye wọn ti padà kọjá 100. Ní 2024, ó ti kọjá 200. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkìtì náà kò sí lókè téńté mọ́. Ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n wà báyìí, láàárín Douglas fir àti páìnì, ní ìtòsí Abert.